Màsíkárà Tí Yóò Bá Ojú Mardiyah Mu

Bí ẹ bá pàdé ọmọbìnrin kan lọ́nà Òkè-Àfá, tí abẹ́ ojú ọ̀tún rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, tí tòsì sì mọ́ tónítóní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí i kú ìrọ́jú. Kò sẹ́ni tó kú fún un. Ẹnikẹ́ni ò sì nà án. Mardiyah ọmọ Àlàájì Àjàmú ni, ìwádìí ló ń ṣe. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ti gbàdúrà fún un títí nínú ọkọ̀. Ìyá àgbà kan tiẹ̀ bá a sọ̀ kalẹ̀ ní Bọ́ládé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ kọ́ ni ìyá ń lọ. Ó di ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ mú, ó ní kó fọkàn balẹ̀, pé kò sí ohun tí Ọlọ́run ò lè ṣe. Mardiyah ṣe àmín. Kí ni kò bá tún ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, torí àwọn èèyàn ti bù mọ́ ọn.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Mardiyah. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi ìbéèrè. Láti kékeré ló ti ń da àgbà láàmú. Kí ló dé tí ọṣẹ kan ń hó tí ìkejì ò hó? Kí ló dé tí ata rodo ń ta èèyàn lójú, tí kò ta ẹyẹ? Bàbá rẹ̀, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, a máa sọ pé ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ yìí, kó kọ́kọ́ lọ gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Ìbéèrè yìí náà ló mú kó tajà dáadáa nígbà tó ń kiri, torí kò sí oníbàárà tí kì í bá sọ̀rọ̀.

Ọdún márùn-ún gbáko ló fi ru àtẹ ní Òṣòdì. Áńkáṣíìfù, tíṣù, nẹ́ẹ̀tì irun, ìbọ̀sẹ̀ ọmọ kékeré, ohun tó bá ṣáà ti fúyẹ́. Ẹ mọ bí oòrùn Òṣòdì ṣe ń rí láàárín ọ̀sán. Bí àwọn tó ń lé ọlọ́jà kúrò lójú títì bá sì yọ lọ́ọ̀ọ́kán, eré ni, láti ẹ̀gbẹ́ ojú irin títí dé ibi tí ẹsẹ̀ bá gbé e dé. Lọ́dún tó kọjá nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọjà orí rẹ̀ dà sínú gọ́tà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, ó ń wo tíṣù rẹ̀ tí omi ìdọ̀tí ń gbé lọ, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò ṣe mọ́.

Ìgbà náà ló gbọ́ pé wọ́n ń wá ọmọbìnrin kan sí ṣọ́ọ̀bù ìpara kan ní Ìsọlọ̀.

Àǹtí Oyinkán ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Obìnrin tó sanra níwọ̀nba, tó ń fi awò ojú sórí imú wo èèyàn láti òkè, tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Fáànù wà níbẹ̀, àga gíga wà níwájú dígí, ògiri mẹ́ta sì kún fún ìgò àti ike, tí gbogbo wọn ní àkọlé wẹ́wẹ́ lẹ́yìn. Fáànù yẹn dára o, n ò ní pa irọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n àkọlé ẹ̀yìn ike ló mú Mardiyah lọ́kàn. Ó gbé ọ̀kan, ó kà á, ó gbé ìkejì, ó kà á, ó gbàgbé pé ṣe ni wọ́n ní kó wá dáhùn ìbéèrè. Nígbà tó máa fi rántí, ó ti bi Àǹtí Oyinkán ní ìbéèrè mẹ́sàn-án. Ó fẹ́ iṣẹ́ náà gan-an.

Àǹtí Oyinkán rẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo ń gbà ẹ́ síṣẹ́ ni, àbí ìwọ lò ń gbà mí?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò bínú. Irú ẹ ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n gbọ́. Apá ojú ni màá fi ẹ́ sí. Ẹni tó bá ń ta ohun ojú, ojú ẹ̀ làwọn oníbàárà máa kọ́kọ́ wò. Ọmọ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, màsíkárà ẹ̀ á ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ta ló máa ra nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀? Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fún ẹ. Màá máa san owó ọkọ̀ ẹ. Wá èyí tó bá ojú ẹ mu nínú gbogbo ohun tó wà níbí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì, màá fi tíṣù funfun nu abẹ́ ojú ẹ. Tí tíṣù bá mọ́, iṣẹ́ di tìẹ. Tí kò bá mọ́, wàá dárí jì mí, màá pe ẹlòmíì."

Mardiyah ní òun gbọ́. Lọ́kàn ara rẹ̀, ó ní ṣé ìyẹn náà lòun ń bẹ̀rù, ohun tí wọ́n ń kùn sí irun ojú lásán. Ẹ ò rí i pé àìmọ̀kan ń fún èèyàn láyà.

Diamond, ọmọ tó ń ta àtíkè àti ìtọ́tè ní apá kejì ṣọ́ọ̀bù, ló kọ́kọ́ mú un jókòó. Irun tí Diamond lẹ̀ mọ́ ìpéǹpéjú tirẹ̀ gùn gan-an, bó bá ṣẹ́jú, ẹ máa mọ̀ pé ó ṣẹ́jú. Ó gbé àgbọ̀n Mardiyah sókè, ó wo ojú rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì.

"Irun ìpéǹpéjú ẹ pọ̀," ló wí. "Ó kàn ń wolẹ̀ ni. Kò ká rárá. Tí irun èèyàn bá kúrú, búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín lèèyàn máa lò. Tó bá fọ́nká, búrọ́ọ̀ṣì tó sanra. Tìẹ yìí, màsíkárà tó fúyẹ́ ló máa gbà, torí tó bá ti wúwo, ó máa tún fà á wálẹ̀ sí i. Wá, wojú ilẹ̀."

Ó fi irin kékeré kan ká irun náà sókè. Ó wá fi búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n máa ń lò lẹ́ẹ̀kan jù nù bu màsíkárà tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà kìn-ín-ní, ó fi sí ìdí irun, ó ń mì ín díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé orí. Nígbà tí Mardiyah wo dígí, ẹ̀rín pa á. Ojú rẹ̀ là. Ó dà bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Aago mẹ́sàn-án nìyẹn. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, oníbàárà kan tó wá ra ìpara ẹsẹ̀ bi í léèrè jẹ́jẹ́ pé ta ló pa á lẹ́kún, torí màsíkárà ti ṣàn wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Diamond ní kó lo èyí tí omi ò lè wọ̀. Mardiyah mi orí. Ohun tí omi ò bá lè gbà kọjá dé ara, àlùwàlá rẹ̀ ò ní pé, ìrun rẹ̀ ńkọ́? Diamond ní ó dáa, kó lẹ irun mọ́ ọn bíi tòun. Mardiyah ní òun ò fẹ́ gọ́ọ̀mù lójú. Àǹtí Oyinkán, tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí káńtà, dá sí i.

"Àlùwàlá kọ́ ni mò ń bá jà. Tó o bá bọ́jú tán, tún un kùn. Wákàtí méjì tí kò tíì kan omi kankan, tó ti ń ṣàn, ìyẹn ni mi ò fẹ́."

Bí ìwádìí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mardiyah ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan lábọ̀. Ó ní tí òun bá ń dán ẹyọ kan wò lóòjọ́, ọ̀sẹ̀ méjì ò ní tó, nítorí náà, ọ̀kan á lọ sójú ọ̀tún, ọ̀kan á lọ sójú òsì. Ó ṣí ojú ewé kan nínú fóònù rẹ̀, ó ń kọ nọ́ńbà, aago tó kùn ún, aago tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, àti bí oòrùn ọjọ́ náà ṣe rí. Dúdú, ó dán an wò. Èyí tó pọ́n bíi kọfí, ó dán an wò. Ọ̀kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, kì í yọ́, ṣe ló ń bọ́ ní fọ́nrán-fọ́nrán bí òwú. Mardiyah kó àwọn fọ́nrán náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò wọ́n títí omi fi tutù, inú rẹ̀ dùn, àfi bíi pé ó rí wúrà he. Ó gbà pé èyí ni. Lọ́jọ́ kejì, kó tó di ọ̀sán, fọ́nrán ti wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní fi máa parí, mẹ́sàn-án ló ti dán wò. Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló ṣàn. Diamond ní bóyá ojú rẹ̀ ń sunkún láìsọ fún un.

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà di kàyéfì ni Fawziyyah, àbúrò rẹ̀. Ọmọ ìyá kan, bàbá kan, yàrá kan. Mardiyah gba nọ́ńbà kìn-ín-ní díẹ̀ lọ́wọ́ Àǹtí Oyinkán lọ sílé, ó fi kun Fawziyyah lójú. Fawziyyah wọkọ̀ lọ síléèwé, ó wọkọ̀ bọ̀, ó se oúnjẹ, ó tún wo fíìmù kan tó pa á lẹ́kún. Màsíkárà ò kúrò níbi tí wọ́n fi í sí.

"Àǹtí Mardiyah, ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n lò," Fawziyyah wí, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé.

Inú bí Mardiyah, tòótọ́, inú bí i sí àbúrò rẹ̀ nítorí irun ojú.

Mo ní láti sọ ohun kan nípa ilé yẹn, kí ẹ lè bá mi lọ. Tìróò ni ìyá wọn ń ṣe. Gbogbo Òkè-Àfá ń pè é ní Ìyá Onítìróò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìyá àgbà àti ìyàwó àlùfáà díẹ̀ ló kù tó ń rà á. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i sí, ìyá tirẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lọ òkúta náà títí á fi kúnná tí kò ní hán lójú. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, kí wọ́n tó ká ẹní, á pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Mardiyah á kọ́kọ́ gbójú sókè, ìyá á fi igi tìróò fà á nínú ojú rẹ̀, á pa àpò awọ kékeré tí tìróò Mardiyah wà nínú rẹ̀ dé, lẹ́yìn náà á ṣí ìgò, á ṣe ti Fawziyyah àti ti ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́njú nìyẹn. Lójú Mardiyah, ìyẹn kì í ṣe ìkunra. Ta ló ń ka ẹnu fífọ̀ mọ́ ìṣaralóge? Bó ṣe ń béèrè ìdí ohun gbogbo tó, kò bi ìyá rẹ̀ rí pé kí ló dé tí àpò tòun fi yàtọ̀. Ó rò pé nítorí pé òun làkọ́bí ni.

Ní Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbọ́ tí Àǹtí Oyinkán ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. "Tẹjú, má tíì gba iṣẹ́ ibòmíràn. Dúró dè mí di Sátidé." Mardiyah ní kóun lọ bá Àǹtí Oyinkán kóun bẹ̀ ẹ́, ó rántí pé ẹ̀bẹ̀ ò ní kí màsíkárà má ṣàn, ó sì padà sídìí dígí.

Lọ́sàn-án Túsìdeè, ìyá wọn lọ sí Ìsẹ́yìn fún sàráà ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan, ó sì sùn síbẹ̀. Ní Wẹ́sìdeè, oorun gbé àwọn ọmọ lọ. Wọ́n kírun tán, wọ́n fi eré jáde. Mardiyah kun nọ́ńbà kẹwàá sójú ọ̀tún, nọ́ńbà kọkànlá sójú òsì. Aago mọ́kànlá lù, kò rí nǹkan. Aago kan lù. Ó ṣe àlùwàlá, ó kírun, ó tún un kùn. Ìrọ̀lẹ́ dé, ó fi tíṣù nu abẹ́ ojú, tíṣù funfun báláú. Ó nu ìkejì, ó funfun. Diamond náà gba tíṣù mìíràn, ó nù ún fúnra rẹ̀, torí kò gbà á gbọ́. Mardiyah wọkọ̀ lọ sílé pẹ̀lú orin lẹ́nu. Ó ti rí i. Nọ́ńbà kẹwàá tàbí ìkọkànlá, èyí tó bá wu Àǹtí Oyinkán.

Ní Tọ́sìdeè, ó kun nọ́ńbà kẹwàá sójú méjèèjì. Aago mọ́kànlá ò tíì lù tí oníbàárà kan fi sọ fún un pé kó má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọkùnrin pa á.

Mardiyah wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, ó jókòó sórí páálí ọṣẹ, ó fẹ́ sunkún, ó ní kí ni ẹkún fẹ́ bà jẹ́ mọ́. Ìgbà tó ṣe, ó yọ fóònù rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àná wé òní. Nọ́ńbà kan náà ni. Àtíkè kan náà ni. Ọkọ̀ kan náà ló wọ̀, oòrùn òní ò tiẹ̀ mú tó ti àná. Oúnjẹ ńkọ́? Ẹ̀wà lánàá, ẹ̀wà lónìí. Ó tún un kà láti òkè. Àná, ó jí, ó ṣe àlùwàlá, ó kírun, ó jáde. Òní, ó jí, ó ṣe àlùwàlá, ó kírun, ìyá rẹ̀ tó ti Ìsẹ́yìn dé lálẹ́ àná pè é, ó gbójú sókè.

Diamond pè é lẹ́ẹ̀mejì, kò gbọ́.

Ṣùgbọ́n Fawziyyah náà ń lo tìróò. Ọwọ́ ìyá kan náà, ìdí ẹní kan náà. Tó bá jẹ́ tìróò ló ń tú màsíkárà, ó yẹ kó tú ti Fawziyyah. Ó ronú ọ̀rọ̀ náà títí dé ilé, ó jẹun tán, kò mọ ohun tó jẹ.

Ní àárọ̀ Fúráìdeè, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ fi tìróò sójú fúnra òun lónìí. Ìyá rẹ̀ wò ó, ó gbé igi tìróò fún un, ó lọ wo omi tó gbé kaná. Bó ṣe yíjú, Mardiyah fi ti àpò tirẹ̀ sójú ọ̀tún, ó ṣí ìgò Fawziyyah, ó fi ìyẹn sójú òsì. Fawziyyah la ẹnu láti sọ̀rọ̀, Mardiyah fi ìka sí ètè. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó kun nọ́ńbà kìn-ín-ní, èyí tó ti ṣàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, sójú méjèèjì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá àgbà bá a sọ̀ kalẹ̀ ní Bọ́ládé, torí Àǹtí Oyinkán rán an níṣẹ́ lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án. Ojú ọ̀tún ti bàjẹ́ pátápátá. Ojú òsì dúró gbọin.

Bí ìyá àgbà ṣe fi í sílẹ̀, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kan, ó yọ àpò awọ náà nínú báàgì, torí ó ti mú un dání. Ó fi ìka kan tìróò inú rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra á. Ó ń yọ̀. Ó ń dán. Ó gbé e sí imú. Lábẹ́ òórùn òkúta yẹn, òórùn mìíràn wà níbẹ̀, tó ti mọ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé débi pé kì í gbọ́ ọ mọ́. Òrí ni.

Òrí ò sí nínú ìgò Fawziyyah. Ìyẹn kúnná, ó gbẹ bí àtíkè. Òrí inú tirẹ̀ ló ń yọ́ nínú ooru, tó ń tú màsíkárà dànù, omi àlùwàlá ò sì lè fọ òrí kúrò. Kò sí èyí tí kò dáa nínú gbogbo nọ́ńbà tó dán wò. Ó yẹ kó bú sẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tí ìyá rẹ̀ ń po tirẹ̀ lọ́tọ̀? Ìbéèrè yẹn ló gbé lọ sílé, ó sì bá àlejò mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ni kò bá rí i bi.

Sátidé mọ́. Wọ́n kírun tán, ìyá rẹ̀ mú àpò awọ, ó ní kó súnmọ́ òun.

"Màámi, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn," Mardiyah wí. "Mi ò ní lo tìróò lónìí."

Kò sọ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ dúró sójú kan. Ó wo ọmọ rẹ̀ tìyanutìyanu, ó ní, "Kò burú," ó sì pa àpò náà dé. Kò pe Fawziyyah. Ó ká ẹní, ó wọ yàrá lọ. Ó dun Mardiyah dé egungun, ojú tì í, ṣùgbọ́n ó jáde, torí iṣẹ́ yẹn ni gbogbo ohun tó ń wá láti ọdún márùn-ún.

Ní ìrọ̀lẹ́, Àǹtí Oyinkán mú un jókòó sórí àga gíga, ó já tíṣù méjì. Ó nu abẹ́ ojú ọ̀tún, kò kánjú. Ó nu ti òsì. Ó gbé méjèèjì síbi iná, ó wò wọ́n níwájú, ó wò wọ́n lẹ́yìn, ó wá tẹ́ wọn sí itan Mardiyah. Wọ́n mọ́.

"Nọ́ńbà wo ni?"

"Nọ́ńbà kìn-ín-ní, mà."

"Èyí tó ṣàn lọ́jọ́ tó o dé?"

"Òun ni, mà. Kò sí ohun tó ṣe é."

Àǹtí Oyinkán bọ́ awò ojú rẹ̀. "Mọ́ńdè, aago mẹ́jọ. Tó o bá pẹ́, màá bínú." Ó gbé fóònù, ó lọ pe Tẹjú pé kó má dúró mọ́.

Mardiyah sáré délé. Ìyá rẹ̀ ń ṣa ìrẹsì lójú fèrèsé. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó sọ fún un pé wọ́n ti gba òun síṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ṣe àlùhámúdù, ó súre fún un, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè kúrò lórí ìrẹsì. Mardiyah ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Màámi, ẹ má bínú sí mi lórí ti àárọ̀. Òrí tó wà nínú tìróò mi ló ń jẹ́ kí nǹkan ojú mi máa ṣàn. Kò sí nínú ti Fawziyyah. Kí ló dé tí ó wà nínú tèmi?"

Ìyá ti àtẹ ìrẹsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"O pé oṣù méje nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹ́ lẹ́nu," ló wí. "Ìpéǹpéjú ẹ le, ó ń là, irun ẹ̀ sì bọ́ tán. Kò ku ẹyọ kan. Ojú ẹ dà bí ojú ẹja. Wọ́n fún wa lóògùn ní ọsibítù, ara ojú san, irun ò hù. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó má hù mọ́. Ìyá bàbá ẹ ní kí n máa fi ìbòrí bo ojú ẹ tí mo bá pọ̀n ẹ́ jáde, kí èèyàn má baà máa wò ẹ́. Mo ní rárá. Mo lọ tìróò tìẹ lọ́tọ̀, mo po òrí mọ́ ọn kó má hán ẹ lójú. Láràárọ̀. Ọdún kan ó lé kí n tó rí ẹyọ kan ṣoṣo. Mo pe bàbá ẹ wá wò ó."

"Ẹ ò sọ fún mi rí, Màámi."

"Kí n sọ ọ́ fún kí ni? Kó o máa wo dígí dípò kó o máa wo ayé? Ìwọ tó ń fẹ́ mọ ìdí ohun gbogbo, ẹnu ìbéèrè ẹ ò ní jẹ́ kó o sùn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. "Ó yẹ kí n dá òrí yẹn dúró nígbà tó o wọ iléèwé. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní tí mo bá dá a dúró, wọ́n lè tún bọ́. Báyìí ni ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tó o ní o ò lo tìróò láàárọ̀ yìí, mi ò bínú. Ẹ̀rù ló ń bà mí látàárọ̀."

Gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì yìí, irun yẹn ni Mardiyah ń kùn, irun tó fi gba iṣẹ́, kò mọ̀ pé ẹnì kan ti jókòó dè é láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ó fi orí lé itan ìyá rẹ̀.

"Dìde kí n rí i," ìyá rẹ̀ wí.

Ó gbé àgbọ̀n ọmọ rẹ̀ sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé gbé wà. Irun náà ká sókè, ó dúdú, ó dúró lọ́kọ̀ọ̀kan tó fi jẹ́ pé èèyàn lè kà á. Ìyá wo ti ọ̀tún. Ó wo ti òsì. Ó tún padà sí ti ọ̀tún, ó ń mi ètè bí ẹni tó ń kà á lóòótọ́.

"Wọ́n ti hù tán," ló wí, ó sì fi àgbọ̀n náà sílẹ̀.